Tápítà Tó Ń Fi Iyọ̀ Sí Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí, nígbà tí yóò bá fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, wọn yóò ti yẹgi fún mi. Ẹ má ṣe bá mi kẹ́dùn jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti wà nínú yàrá kótópó yìí, mo sì ń sùn bí ọmọ ọwọ́ tó yó. Ó ń ya wọ́dà tó ń ṣọ́ mi lẹ́nu. Láàárọ̀ àná ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀kọ mi, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá ọ ṣá?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Kí ló wá ń dùn mọ́ ọ nínú tó báyìí?"

Mo ní kó bá mi wá ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, màá kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó wá a, ó ṣeun. Ohun tí mo kọ nìyí.

Iṣẹ́ tápítà, ògbufọ̀ kóòtù, ni mo ṣe. Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀kà pọ́nbélé, ṣùgbọ́n abúlé kan lórí òkè ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá, níbi tí wọn kì í sọ Yorùbá rárá. Ẹni tó bá mọ Àkókó wa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tuntun. O lè jáde nílé láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí rẹ kí o ti la ìlú mẹ́ta kọjá tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Èdè ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fọ̀, mo fi Yorùbá bá bàbá mi sọ̀rọ̀, olùkọ́ ìjọ kan sì kọ́ mi ní ìwé kíkà àti èdè òyìnbó díẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé tí wọ́n dá kóòtù sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, wọ́n wá ẹni tó lè gbọ́ ẹnu àwọn ará òkè títí, èmi ni wọ́n rí. Mo fi ẹnu kan irin, mo búra pé ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ni màá sọ, n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kóòtù ṣe rí nígbà náà fún yín, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ti bá a nílẹ̀ lè máa rò pé ibi ìbànújẹ́ ni. Kò sí ìran tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àkókó! Àwọn àgbà mẹ́rin tó ń dájọ́ á jókòó nínú gbọ̀ngàn tí a fi koríko bò. Bí ọ̀ràn bá le, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó á gun ẹṣin wá, á bá wọn jókòó. Àwọn èrò á kún abẹ́ igi níta fọ́fọ́. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn tó gbé ẹrù láti Òkè-Àgbè pàápàá á sọ ẹrù kalẹ̀ ná, wọ́n á fẹ́ gbọ́ ẹni tó jalè. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, èmi á dìde, màá gbé ohùn sókè, màá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo gbádùn rẹ̀, n kò lè parọ́.

Ọ̀ràn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Ìyá arúgbó kan láti òkè ló wá jẹ́rìí. Ó ní, "Mo rí i, ó ń fa ewúrẹ́ mi lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbẹ. Mo wo ìta, mo rí ọkùnrin kan tó dìde, tó ń gbọn ìdí aṣọ rẹ̀ láti máa lọ. Kò yẹ kí ìyẹn kàn mí, àbí? Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó lọ. Ni mo bá ní, "Ó ní òun rí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ọwọ́ di ẹnu ewúrẹ́ kó má baà ké, ó wá ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀."

Gbogbo abẹ́ igi ké, "Héè!" Ọkùnrin yẹn tún jókòó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé irin tí mo fi ẹnu kàn. Mo sọ fún ara mi pé olè náà ṣáà ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀, n kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Bí kóòtù ṣe túká, Bàbá Lámídì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà èwe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gun òkè lọ ra aṣọ kíjìpá lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń hun ún, kó wá tà á ní Ìkàrẹ́. Ó ti ṣe é pẹ́ tó fi jẹ́ pé ó gbọ́ èdè ìyá mi bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ó ní, "Tápítà, ìyá yẹn ò mẹ́nu kan ọ̀tún, kò mẹ́nu kan òsì o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló gbẹ. Iyọ̀ díẹ̀ ni mo fi sí i."

"Máa fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ní ulé rẹ. Ẹnu ẹlẹ́rìí kì í ṣe ìkòkò." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní obì, a sì pínyà.

Ká ní mo gbọ́ nígbà yẹn ni, ǹ bá má jókòó síbí lónìí. Dípò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mo sọ ọ́ di iṣẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lẹ́yìn kóòtù. "Tápítà, tún ti ọkùnrin tó gún àbúrò rẹ̀ sọ fún wa." Màá jókòó sórí gbòǹgbò igi, màá tún un sọ. Mo wá mọ ohun tó ń mú ìtàn ọ̀daràn dùn ju oyin lọ. N kò gbọdọ̀ tètè dárúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa fura. Bí mo bá mú kí ọkọ fura sí ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí mo mú kí aya fura sí ìyálé, wọn yóò jókòó síbẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi jó nílé. Mo tún rí i pé kò yẹ kí ọ̀daràn burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ ẹni bíi tiwọn ni, tó ń kí aládùúgbò, tó ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, tó wá ṣe ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ìgbà yẹn ni ẹ ó rí i tí àgbàlagbà á máa mí kanlẹ̀, tí yóò máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù á bà wọ́n dáadáa, ẹ̀rù náà á sì dùn mọ́ wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ń lọ sílé lọ jẹun. Tí mo bá wá tú u síta níkẹyìn pé lágbájá ló ṣe é, gbogbo wọn á mí fùú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń gbọ́ mímí yẹn nínú etí mi títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn abà iṣu tó jóná dé. Wọ́n fẹ̀sùn kan ìyàwó kékeré kan láti òkè pé òun ló dáná sun abà ìyálé rẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo kọjá níbẹ̀. N kò dáná." Èmi wá ní, "Ó ní òun kọjá níbẹ̀. Ó ní inú ń bí òun gidigidi. Ó ní òun kò dáná." Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni mo fi há àárín. Ṣùgbọ́n mo rí bí àwọn àgbà mẹ́rin yẹn ṣe wo ojú ara wọn. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tòun tọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Lámídì wá sílé mi. Kò mú obì wá, kò sì jókòó.

"Ọmọbìnrin yẹn ò sọ pé inú ń bí òun."

"Bàbá, ó hàn lójú rẹ̀."

"Ojú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí ùwọ túmọ̀!" N kò gbọ́ kó pariwo rí. "Mo ti ń dákẹ́ nítorí bàbá rẹ, àsítàfírúlàì, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí a bá ti kírun tán, màá lọ bá àwọn àgbà kóòtù. Wàláì, màá sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ṣì wà láàárín. Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ kí n tó débẹ̀, èmi á bá ọ bẹ̀ wọ́n."

Ẹ gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ṣe sí mi. Ọ̀nà ìgbàlà ló là sílẹ̀ fún mi, ó tún ní òun á bá mi rìn ín. Èmi wá jókòó, mo ń ro bí abẹ́ igi yóò ṣe rí tí wọn kò bá pè mí ní tápítà mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Jímọ̀ pé, mo mọ̀ pé yóò lọ sí Ọ̀kà lọ kó aṣọ. Mo lọ dúró dè é níbi tí ọ̀nà ti gba orí àpáta sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ẹyẹ ń ké. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó yọ sí mi pẹ̀lú ẹrù kíjìpá lórí, ó ń làágùn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí àárín àwa méjèèjì."

"Ọmọ ń ké nínú ẹ̀wọ̀n. Ṣé àárín àwa méjèèjì ni ọmọ yẹn wà?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bà mí jẹ́."

"Jẹ́ kí n kọjá, ọmọ mi. Oòrùn mú."

Mo di ẹrù orí rẹ̀ mú, ó fà á, mo tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, ó ṣubú lọ sísàlẹ̀. Mo dúró. N kò gbọ́ ohunkóhun. N kò ní sọ fún yín pé mo fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n n kò sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Mo gba ọ̀nà oko padà sí Ìkàrẹ́, mo dé ilé, mo sì jẹ iyán.

Ọkùnrin kan wà tó ń dá ẹmu nísàlẹ̀ àpáta yẹn. Ará abúlé ìyá mi ni. Ẹlẹ́mu ni gbogbo Ìkàrẹ́ ń pè é, nítorí wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀, èmi náà kò sì ní kọ ọ́ síbí, nítorí ó wà láàyè, ó sì lọ́mọ. Òun ló rí òkú Bàbá Lámídì. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gbé e dé Ìkàrẹ́ nínú oòrùn yẹn, kí igún má baà rí i.

Ní abúlé ìyá mi, ẹni tó bá gbé òkú kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e dé ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ara ilé olóògbé yóò sì bu omi sí i lọ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ni fún òkú. Bí ó bá fọhùn ṣáájú, wọ́n gbà pé ó ti kó ikú wọ ilé ara rẹ̀. Ẹlẹ́mu gbé òkú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Lámídì, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń retí omi. Èèyàn rọ́ dé.

"Ta ló pa á?"

Kò fọhùn.

"Ìwọ lo pa á?"

Kò fọhùn. Ọ̀bẹ tó fi ń dá ẹmu wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ wo bó ṣe na ọwọ́, ó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n lù ú, ọlọ́pàá dé, wọ́n sì dè é. Nínú ẹkún tó gba ilé yẹn kan, ta ni ì bá rántí omi? Èmi wà láàárín èrò. Mo rí ọwọ́ yẹn. Ní gbogbo Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń bèèrè, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo lọ kí ìyàwó olóògbé, Ìyá Sàlámì, kú ará fẹ́ra kù. Mo jẹ sàráà. Àwọn èèyàn wá bá mi lábẹ́ igi, wọ́n ní kí n sọ bí Ẹlẹ́mu ṣe pa Bàbá Lámídì. Ojú mi kò sì tì mí, mo sọ ọ́. Mo jẹ́ kó máa dá ẹmu rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo jẹ́ kó fẹ́ràn ìyàwó tirẹ̀, mo jẹ́ kó rí ẹrù aṣọ kíjìpá kó wá wọ̀ ọ́ lójú. N kò sọ ìtàn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n mí fùú. Ìgbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, èrò Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ kò lóǹkà. Ajẹ́lẹ̀ jókòó. Wọ́n mú Ẹlẹ́mu wọlé, ó ti rù, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ń jẹun, ó ń mu omi, ṣùgbọ́n kò fọhùn.

Àgbà tó jẹ́ olórí wọn ní, "Tápítà, bi í bóyá òun ló pa á."

Mo bi í ní èdè ìyá mi. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ tàn, bí ojú ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ìdálẹ̀. Ó rò pé mo mọ̀. Ó rò pé màá ṣàlàyé. Ó wá yípadà sí ibi tí Ìyá Sàlámì jókòó sí, ó sì tún na ọwọ́ rẹ̀ tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lára rẹ̀ sí i.

"Kí ló wí?" ni ajẹ́lẹ̀ bèèrè.

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: kò wí nǹkan kan. Kì bá tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Wọn ì bá so ó rọ̀, èmi ì bá máa lọ sábẹ́ igi. Mo lanu láti sọ ọ́, kò jáde. Ẹkún ló jáde. Mo ní, "Omi ló ń bèèrè. Ẹ bu omi sí i lọ́wọ́, yóò sọ̀rọ̀. Òkú ló gbé, ẹnikẹ́ni kò bu omi fún un. Kò pa ènìyàn. Èmi ni mo pa Bàbá Lámídì. Èmi ni mo tì í lórí àpáta."

Lẹ́yìn náà Ìyá Sàlámì dìde, ó rìn wá bá mi.

"Ìwọ? Ìwọ tó wá kí mi? Ìwọ tó jẹ sàráà ọkọ mi?"

"Èmi ni, Ìyá."

Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì ń retí rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Akódà gbé igbá omi dé, ó gbà á, ó sì bù ú sí Ẹlẹ́mu lọ́wọ́ títí igbá náà fi gbẹ. Ẹlẹ́mu mí kanlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo nu ojú mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún kóòtù báyìí: "Ó ní ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ní ọwọ́ òun ti wúwo. Ó ní òun rí i lábẹ́ àpáta, òun kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní oòrùn ń pa á, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé e wá sílé." N kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Iṣẹ́ tápítà tí mo ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn, bóyá òun nìkan ni mo ṣe dáadáa.

Wọ́n tú Ẹlẹ́mu sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ dè mí. Ẹ ó rò pé ó wúwo? Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré yẹn náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Adájọ́ òyìnbó tó wá lẹ́yìn náà dá ẹjọ́ ikú fún mi, n kò bá a jiyàn. Mo máa ń sunkún nítorí Bàbá Lámídì. Ṣùgbọ́n n kì í sá fún ẹnikẹ́ni mọ́, n kì í sì í wá ohun tí màá wí. Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ, wọ́dà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, wọ́dà yìí ní kí n sọ ọ̀rọ̀ mi fún òun, nítorí ó ti gbọ́ pé mo mọ ìtàn sọ. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi ohunkóhun há àárín. Kí n tó dé orí àpáta, ó ti ń hanrun. N kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, n kò ní kí ẹ má gbọ́ ìtàn ọ̀daràn. Ó dùn, yóò sì máa dùn nígbà tí èmi bá ti lọ. Mo bẹ̀ yín ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe kékeré, ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó wá ẹlòmíràn tí ẹ ó pa nítorí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì jókòó tó ń fi ìtàn ìpànìyàn dá yín lára yá, tó sọ ọ́ débi pé ẹ kò lè dìde, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan nínú yín bi í pé níbo ni òun alára wà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà jókòó tì mí lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ká ní ẹnìkan bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un.